Ẹ Má Pín Owó Ìjì Náà Tán Lọ́jọ́ Kan

Ìbéèrè: Akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú kan ní apá Ìkọ̀lé-Èkìtì ló kọ̀wé sí mi. Ó ní ìjì jà ní ìlú àwọn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹta. Ó ṣí òrùlé ilé 74, ó sì gbé apá kan òrùlé ilé ìwòsàn kékeré tó wà níbẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ ìlú tó wà ní Houston àti London dáwó, ó di mílíọ̀nù 14 náírà. Àwọn àgbà ní kí wọ́n pín in dọ́gba kí ariwo lè tán. Àwọn ti Houston ní rárá, wọn kò ṣe é bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn lẹ́yìn ìjì Harvey. Ó wá béèrè pé: “Ta ni ká gbọ́ tirẹ̀? Opó kan wà ládùúgbò wa tó ń tọ́ ọmọ-ọmọ mẹ́ta lábẹ́ tapólì. Bí a kò bá pín owó yìí báyìí, kí ni màá sọ fún un?”

Ìdáhùn: Ẹ kú ewu ìjì o, akọ̀wé wa, ẹ sì kú iṣẹ́ ìlú. Ẹ bá mi kí màmá náà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn ní tààrà. Ẹ má pín owó náà dọ́gba. Ẹ yọ ìdá kan nínú mẹ́rin, ìyẹn mílíọ̀nù mẹ́ta àbọ̀, fún ohun tí kò ṣeé dúró dè: tapólì tó nípọn, oògùn, oúnjẹ fún ẹni tí kò ní alábàárò, owó ilé fún ẹni tí ògiri rẹ̀ ti fẹ́ ya lulẹ̀. Ẹ tọ́jú mílíọ̀nù mẹ́wàá àbọ̀ tó kù fún àtúnkọ́, kí ẹ sì gbà lọ́kàn yín pé àtúnkọ́ náà lè gba ọdún méjì. Ní ti opó yín, ètò yìí ló máa bo orí rẹ̀. Màá padà sórí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ẹ wo ìṣirò náà ná. Mílíọ̀nù 14 pín sí ọ̀nà 74, kò tó 190,000 náírà fún ilé kan. Ẹni tó bá ní ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ á fi kún un. Ẹni tí kò ní, kí ni yóò fi í ṣe? Á ra páànù díẹ̀, kò ní rí owó pákó. Bó bá ra pákó, kò ní rí owó gbẹ́nàgbẹ́nà. Mo mọ ohun tí mò ń sọ, nítorí èmi náà ti ṣe é rí. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn mo wà nínú ìgbìmọ̀ tó pín ẹ̀bùn ìjì ní ìlú kan nílẹ̀ Èkìtì níbí. A ra páànù, a pín in ní mẹ́jọ-mẹ́jọ, a gbàdúrà, a ya fọ́tò. Lẹ́yìn ọdún kan mo padà lọ. Màmá kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún fà mí lọ́wọ́ lọ sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Páànù mẹ́fà fẹ̀yìn ti igi máńgòrò, ewé gbígbẹ ti bo ẹsẹ̀ wọn, ìpẹtà ti ń gùn wọ́n láti ìsàlẹ̀. Ó ti ta méjì yòókù fi ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ilé rẹ̀ ń fẹ́ ju ọgbọ̀n lọ, kò sì ní pákó kan ṣoṣo tí yóò kan wọn mọ́. Màmá yìí ń bẹ̀ mí, bí ẹni pé òun ló ṣẹ̀ wá. Mi ò lè gbójú sókè. Àwa la ṣẹ̀ ẹ́. A fún olúkúlùkù ní ohun tí kò tó ẹnikẹ́ni, a wá lọ sílé.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń tọpa bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń ná owó àánú lẹ́yìn ìjì, pàápàá àwọn ará Amẹ́ríkà àti ti erékùṣù Caribbean, tí hurricane, ìjì ńlá tó ń ti ojú òkun wá, ń bá jà lọ́dọọdún. Ilẹ̀ Èkìtì kò fẹnu kan òkun, irú ìjì yẹn kò lè dé ọ̀dọ̀ wa. Tiwa ni atẹ́gùn tó máa ń ṣáájú òjò àkọ́rọ̀, tó ń jà fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kó tó kọjá. Ṣùgbọ́n ìṣe owó àánú kò yàtọ̀ níbì kankan: á yára dé, á sì yára gbẹ. Àjọ kan wà ní Amẹ́ríkà, Center for Disaster Philanthropy, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2010, tó jẹ́ pé ohun tí wọ́n ń ṣọ́ nìyẹn. Wọ́n ní èyí tó pọ̀ jù nínú owó ń wọlé láàárín oṣù méjì àkọ́kọ́. Nígbà tó bá fi di oṣù karùn-ún tàbí ìkẹfà lẹ́yìn ìjì, ó kù díẹ̀ kó má sí ẹni tó ń dáwó mọ́. Oṣù kẹfà yẹn gan-an ni ẹni tí ilé rẹ̀ bàjẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ iye tí yóò ná an.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àwọn ọmọ yín rí ní Houston. Harvey jà níbẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2017, omi bo ìlú náà. J. J. Watt, ọ̀kan nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù wọn, tọrọ 200,000 dọ́là lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ohun tó rí gbà ti lé ní mílíọ̀nù 37. Àpò mìíràn, tí Greater Houston Community Foundation ń tọ́jú, gba ohun tó lé ní mílíọ̀nù 114 dọ́là. Wọn kò pín èyí fún orí kọ̀ọ̀kan. Ìpele-ìpele ni wọ́n ń yọ ọ́, wọ́n ń gbé e fún àwọn ẹgbẹ́ tó ti wà láàárín àdúgbò tẹ́lẹ̀, tó mọ ilé tí arúgbó wà àti ilé tí ọmọ wẹ́wẹ́ wà.

Bí ẹnì kan bá ní ìjọba yóò kúkú dé, ẹ sọ ti Lake Charles fún un. Ìjì Laura wọ ìlú náà ní Louisiana ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 2020, Delta tún tẹ̀ lé e ní oṣù kẹwàá. Ìparí oṣù kẹsàn-án ọdún 2021 ni ilé aṣòfin àpapọ̀ tó fọwọ́ sí owó àtúnkọ́ ńlá. Ó lé ní ọdún kan, tapólì aláwọ̀ búlúù sì ṣì wà lórí ọ̀pọ̀ ilé. Amẹ́ríkà nìyẹn o. Ẹ lọ fi orúkọ yín sílẹ̀ ní SEMA, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń rí sí ọ̀ràn pàjáwìrì, ní Adó, ẹ mú fọ́tò dání, ẹ gba ìwé tó fi hàn pé ẹ dé ibẹ̀. Bí nǹkan bá ti ibẹ̀ jáde, ọpẹ́ ni. Ẹ má sáà gbé ìrètí gbogbo ìlú lé e.

Ohun tó wúlò jù tí a lè rí kọ́ lọ́dọ̀ wọn kì í ṣe owó rárá. Tábìlì kan ni. Ní 1969, ìjì Camille ba etíkun Mississippi jẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ aláàánú rọ́ débẹ̀, olúkúlùkù ń dá tirẹ̀ ṣe, ilé kan gba ẹ̀bùn mẹ́ta, èkejì kò rí ọ̀kan gbà. Ìyẹn ló mú kí wọ́n dá ẹgbẹ́ ìfọwọ́sowọ́pọ̀ kan sílẹ̀ ní 1970, tí wọ́n ń pè ní National VOAD. Títí di òní, níbi tí ìjì bá ti jà lọ́dọ̀ wọn, ìjọ, àjọ àti àwọn tó ń fowó ṣèrànwọ́ máa ń jókòó pọ̀ yí tábìlì kan ká. Ẹni tó ti lọ wo ilé á ka ọ̀rọ̀ ilé kan, kò ní dárúkọ onílé: “Ìyá kan, ọmọ ogójì ọdún, ọmọ rẹ̀ kan jẹ́ arọ, òrùlé ti lọ, ìjọba ti fún un ní báyìí, ó ku báyìí.” Ẹnì kan á ní àwọn yóò ra pákó. Òmíràn á ní àwọn ní gbẹ́nàgbẹ́nà. Ẹnì kẹta á gbé ìyókù owó. Wọn kì í kúrò lórí ilé yẹn títí ohun tó kù yóò fi pé. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé apá wọn nìkan ni wọ́n ń mú wá, bí àwọn ìjọ Mennonite, tí ẹgbẹ́ wọn ti ń ṣiṣẹ́ yìí láti 1950. Wọ́n á kó àwọn ọ̀dọ́ wọn jáde, wọ́n á kọ́lé fún ẹni tí wọn kò mọ̀ rí, wọ́n á padà sílé.

Kí ni a ń pe ìyẹn lédè wa bí kò ṣe ọ̀wẹ̀? Bàbá àwọn bàbá wa fi ọ̀wẹ̀ mọ ògiri, wọ́n fi àáró ro oko. Nítorí náà ẹ ṣe tábìlì tiyín. Ẹ pe aṣojú kábíyèsí, àwọn ìjọ, mọ́sáláṣí, ìyálọ́jà, olórí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà, olórí àwọn ọ̀dọ́, àti àwọn tó ń la pákó. Mo bẹ̀ yín, ẹ má gbàgbé àwọn tó ń la pákó. Tí oníṣọ́ọ̀ṣì bá gbé owó kalẹ̀, tí onípákó náà bá ní òun yóò ta fún yín ní iye tí òun fi gbé e láti inú igbó, ilé tí ẹ máa bò lè fi ìdajì ju iye tí ẹ ń rò lọ. Nọ́ńbà ni kí ẹ fún ilé kọ̀ọ̀kan, ẹ má fi orúkọ ka á. Ìlú kékeré ni tiyín. Bí ẹ bá ti dárúkọ, ẹnì kan á ní ọmọ ta nìyẹn, ìjà àtijọ́ á sì jókòó ti yín nídìí tábìlì.

Àmọ́ kí ẹ tó jókòó, ẹ rán ọ̀dọ́ mẹ́rin jáde, obìnrin méjì, ọkùnrin méjì, kí wọ́n wọ ilé 74 náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé láti oṣù kẹta wá, ọ̀pọ̀ ti wá nǹkan bo ilé wọn. Ẹ kí wọn, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Àwọn kan á wà tí òrùlé ti dé ìdajì. Àwọn kan á wà tí kò tíì fọwọ́ kan nǹkan kan, tí wọn kò sì ní ẹni tí yóò bá wọn fọwọ́ kàn án. Àwọn ìkẹta yìí ni owó yín wà fún. Kí wọ́n bẹ ilé àwọn ayálégbé náà wò, àti ilé àwọn àgbẹ̀ tó ti ibòmíràn wá dáko lọ́dọ̀ yín. Onílé máa ń rí alágbàwí, ayálégbé kì í rí.

Ọ̀rọ̀ tó wà lọ́kàn mi jù rèé: ilé ẹbí. Lẹ́yìn tí Katrina ba New Orleans jẹ́ ní oṣù kẹjọ ọdún 2005, tí ìdámẹ́rin nínú márùn-ún ìlú náà wà lábẹ́ omi, ìjọba gbé ètò kan kalẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Road Home, láti fún onílé lówó àtúnkọ́. Wọ́n ní kí olúkúlùkù mú ìwé ilé wá. Ọ̀pọ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú ibẹ̀ ń gbé ilé tí bàbá ìyá wọn kọ́, orúkọ òkú ló ṣì wà nínú ìwé, ẹnikẹ́ni kò lọ yí i padà rí. Wọ́n ń san owó orí ilé náà, inú rẹ̀ ni wọ́n bí wọn sí, síbẹ̀ ìjọba ní wọn kò ní ẹ̀rí. Àwọn agbẹjọ́rò aláàánú ló jókòó tì wọ́n, tí wọ́n ń bá wọn tọ́ ìwé náà ṣe láti ilé dé ilé. Ohun kan náà tún ṣẹlẹ̀ ní Puerto Rico, erékùṣù kan tó wà lábẹ́ Amẹ́ríkà, lẹ́yìn ìjì Maria ní 2017. Oṣù kẹsàn-án ọdún 2021 ni FEMA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀ràn pàjáwìrì, ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà pé ẹ̀rí mìíràn wà tí ènìyàn lè mú wá. Bí kò bá sí ìkankan, ó lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé òun ló ni ín.

Bí mo ṣe ka ìtàn yẹn, Èkìtì ni mo ń rí. Ulé baba wa, bí a ti ń pè é, ta ló ní ìwé rẹ̀? Bí ìgbìmọ̀ yín bá béèrè pé “Ta ló ni ilé yìí?”, ọmọ ẹbí kan á ti Èkó fò wá, á gba owó náà, á sì padà. Màmá àgbà tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn kò ní rí kọ́bọ̀. Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ máa bi wọ́n ni: “Ta ló ń sùn nínú ilé yìí?” Kí olórí ẹbí fọwọ́ sí ìwé kékeré kan pé ẹbí fara mọ́ àtúnṣe náà, àti pé wọn kò ní lé ẹni tó ń gbé ibẹ̀ jáde nígbà tí òrùlé tuntun bá dé. Kí aládùúgbò méjì jẹ́rìí. Ẹ kọ gbólóhùn kejì yẹn sílẹ̀ dáadáa. Mo ti rí opó tí ẹbí ọkọ rẹ̀ kò rántí ilé náà, àfi ìgbà tí wọ́n rí páànù tuntun lórí rẹ̀.

Road Home tún ṣe àṣìṣe kan tó yẹ kí ẹ sá fún. Wọ́n gbé iye tí ilé náà tó tẹ́lẹ̀ àti iye tí àtúnṣe yóò ná sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, èyí tó kéré ni wọ́n lò. Ilé àwọn aláwọ̀ dúdú ti rẹlẹ̀ lówó lọ́jà látilẹ̀, nítorí náà owó tí wọ́n fún wọn kò lè tún ilé ṣe, bẹ́ẹ̀ iye kan náà ni wọ́n ń ta pákó fún gbogbo ènìyàn. Wọ́n pe ìjọba lẹ́jọ́ lórí rẹ̀, ẹjọ́ náà pẹ́ ní kóòtù, 2011 ni wọ́n yanjú rẹ̀. Nítorí náà ẹ má wo bí ilé ṣe ga tó. Iye tí òrùlé rẹ̀ yóò ná ni kí ẹ wò, àti iye tí ẹni tó wà níbẹ̀ lè mú wá.

Òrùlé náà ńkọ́? Bí ẹ bá tún un kàn bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ìjì ọdún tó ń bọ̀ á tún gbé e. Atẹ́gùn kì í sábà ti òkè tẹ òrùlé mọ́lẹ̀. Abẹ́ etí rẹ̀ ló ń gbà wọlé, tó ń gbé e sókè bí ẹni ṣí ìdérí ìkòkò. Ibi tó ti ń fa òrùlé jù ni etí, igun àti orí góńgó. Ní ilé púpọ̀ lọ́dọ̀ wa, pákó tó dùbúlẹ̀ lórí ògiri kò so mọ́ nǹkan kan, ìwúwo rẹ̀ nìkan ló fi jókòó. Kí bíríkìlà fi ọ̀pá irin tín-ín-rín sínú bíríkì ìlà méjì tó gbẹ̀yìn, kó yọ orí rẹ̀ síta, kí gbẹ́nàgbẹ́nà tẹ̀ ẹ́ borí pákó náà, kó sì kàn án mọ́ ọn. Kí wọ́n lo ìṣó páànù tó ní rọ́bà lábẹ́ orí, kí wọ́n kàn án súnmọ́ra ní etí àti igun ju àárín lọ. Kí etí òrùlé má gùn jáde jù. Ní Alabama, ìpínlẹ̀ wọn ń fún onílé ní tó 10,000 dọ́là láti fi mú òrùlé le kí ìjì tó dé, nítorí wọ́n ti rí i pé ó wọ́n wọn ju bẹ́ẹ̀ lọ bí wọ́n bá dúró dè é. Irin tí mò ń sọ yìí kò wọ́n. Ẹ má sanwó fún gbẹ́nàgbẹ́nà kankan títí ẹnì kan yóò fi gun àkàbà lọ wo ìdè náà.

Ẹ tún yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ilé ìwòsàn. Nígbà tí Maria kọ lu Puerto Rico ní ọjọ́ 20 oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, ìjọba kọ́kọ́ ní ènìyàn 64 ló kú. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n tó gbà pé 2,975 ni. Atẹ́gùn fúnra rẹ̀ kọ́ ló pa púpọ̀ nínú wọn. Iná lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún kan kó tó padà dé gbogbo ilé. Ẹni tó ń lo ẹ̀rọ tó ń ranni lọ́wọ́ láti mí kò rí i lò, oògùn tó yẹ kó wà nínú fíríìjì bàjẹ́. Ní Adjuntas, ìlú orí òkè bí Ẹfọ̀n, ẹgbẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Casa Pueblo, láti 1980 ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ìlú. Sólà wà lórí ilé wọn, nítorí náà ọ̀dọ̀ wọn ni àwọn ará ìlú ń gbé ẹ̀rọ ìtọ́jú àti fóònù wá gbà iná. Àjọ aláàánú kan, Honnold Foundation, dúró tì wọ́n fún ọdún púpọ̀. Ní 2023 ni iná sólà tó so àwọn ṣọ́ọ̀bù àárín ìlú pọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó lé ní ọdún márùn-ún lẹ́yìn ìjì nìyẹn. Tiyín kò ní tóbi tó bẹ́ẹ̀: òrùlé tó le, sólà tó lè gbé fíríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára kan àti gílóòbù yàrá ìgbẹ̀bí.

Ewu kan wà nínú ìmọ̀ràn mi tí mi ò gbọ́dọ̀ fi pamọ́. Ẹni tó fi dọ́là pamọ́ ọdún méjì ní Houston á bá a bó ṣe wà. Náírà tí ẹ bá fi pamọ́ ọdún méjì á ti yọ́. Nítorí náà, ohun tí ó bá ṣì wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ òkè òkun, kí wọ́n fi í sílẹ̀ ní dọ́là tàbí pọ́n-ùn nínú àkáǹtì ẹgbẹ́, kí wọ́n máa fi ránṣẹ́ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Kí wọ́n má fi ìlérí lásán ṣe é, nítorí àánú kì í pẹ́ tútù. Èyí tó ti di náírà, ẹ fi ra páànù àti irin nísinsìnyí, kí ẹ kó o sí yàrá kan tí ènìyàn mẹ́ta mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ lẹ iye tó wọlé àti iye tó jáde mọ́ ara ògiri ààfin lóṣooṣù, kí wọ́n sì kà á ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sáláṣí.

Ó ku opó yín. Ẹ lọ bá a lónìí, ẹ má dúró de ìpàdé. Ẹ mú tapólì tuntun lọ, ẹ ṣírò pákó àti páànù tí ilé rẹ̀ ń fẹ́ níṣojú rẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ bi í léèrè ẹni tó jẹ́ olórí ẹbí ọkọ rẹ̀ àti bí òun àti ẹni náà ṣe wà. Ẹ wá fi ilé rẹ̀ sí nọ́ńbà kìn-ín-ní lórí tábìlì. Òjò àkọ́rọ̀ yóò tún bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta, kí irin ti wà lórí ògiri rẹ̀ kí oṣù kejìlá tó parí. Bí olórí ẹbí bá kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé, ẹ kọ̀wé sí mi kíákíá. Màá wá sí ìlú yín fúnra mi, a ó jọ lọ bá a sọ̀rọ̀.